Ẹ̀sùn lórí ìrìn-àjò Honfleur: ẹ dá owó wa padà

Peckham, London
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹfà

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Èdè Yorùbá lẹ fi polówó ọjà yín fún mi lórí WhatsApp, òun náà ni mo fi ń kọ ẹ̀sùn yìí. Ohùn obìnrin tó polówó yẹn dùn létí: "Ẹ mú màmá yín lọ sí etíkun ilẹ̀ Faransé. Ẹ sùn lójú òkun, ẹ jí lójú òkun." Màmá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún nínú Oṣù Karùn-ún. Mo san 1,180 pọ́n-ùn fún àwa méjèèjì, òru mẹ́ta ní Honfleur. Láti ọjọ́ tí a ti dé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pe nọ́ńbà yín. Ẹni tó gbé e lẹ́ẹ̀kẹrin ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Òun nìyí.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé ọkọ̀ ojú irin ni yóò gbé wa dé Honfleur, pé láti ibùdókọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọkọ̀ ojú irin kì í kó èrò dé Honfleur. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà fún wa láti Paris, Le Havre ló parí sí. Ibi tí odò Seine ti ń já sínú òkun ni ìlú méjèèjì wà, Le Havre lápá àríwá, Honfleur lápá gúúsù, gbogbo ẹnu odò sì wà láàárín wọn. Bọ́ọ̀sì wà tó ń gba orí afárá kọjá, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ ní ká dé, èyí tó kẹ́yìn sì ti lọ. Màmá mi jókòó sórí báàgì rẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí n tó rí tàkísì. 82 yúrò ló gbà lọ́wọ́ wa, owó afárá wà nínú rẹ̀. Risíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

N kò ní purọ́, afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi gbàgbé owó. Pont de Normandie ni wọ́n ń pè é, ọdún 1995 ni wọ́n ṣí i. Ó gùn ju kìlómítà méjì lọ, àárín òpó ńlá rẹ̀ méjèèjì nìkan tó mítà 856, okùn irin ló gbé e dúró. Ńṣe ló yọ gannku sójú ọ̀run kí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tó ń lọ sí Rouen lè ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Màmá mi di ọwọ́ mi mú, ó ń ka Sáàmù títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ wá ń sọ fún wa pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín kì í san kọ́bọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni!

Ọ̀rọ̀ yàrá wá kàn. 60 pọ́n-ùn lẹ fi lé owó yàrá lóru kọ̀ọ̀kan nítorí pé "ó kọjú sí òkun". Èbúté àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Vieux Bassin ló kọjú sí, ibi tí wọ́n gbẹ́ láyé Ọba Louis Kẹrìnlá, tó jẹ́ pé ọkọ̀ afẹ́ ló kún inú rẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ lẹ́wà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn ilé tó yí i ká tín-ín-rín, wọ́n ga fíofío, wọ́n fún mọ́ ara wọn bí èrò inú dánfó. Ilé bẹ́ẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì yín. Àjà kẹrin ni yàrá wa, kò sí lífítì, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì há débi pé báàgì ní láti ṣáájú kí èèyàn tó tẹ̀ lé e. Mo kà á, 71 ni. Nínú Oṣù Kejì ni mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí omidan tó gba owó mi pé orúnkún ń dun màmá mi, ọ̀pá ló fi ń rìn. Èsì rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi: "Kò sí wàhálà, Ma." Ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ni màmá mi ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ti gòkè, ó di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Ajé, a wọ tàkísì lọ wá òkun ní etí omi tí wọ́n ń pè ní Butin. Ìyanrìn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi ti fà, ó ti lọ jìnnà, ẹrẹ̀ ló kù. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni màmá mi, ìyá tó bí i ta ẹja létí ọ̀sà títí ọjọ́ alẹ́. Ó rìn dé ibi tí ìyanrìn ti tán, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀, ọ̀pá sì wọlé ṣìnkìn. Ó fà á yọ, ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbóòórùn ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. "Ẹnu odò nìyí," ó ní. "Ta ló pe ibí ní òkun fún ẹ?" Mo fi fọ́tò inú ìpolówó yín hàn án: omi aláwọ̀ búlúù, igi àgbọn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igi àgbọn, ní Normandy! Igi ápù ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń pọn ọtí. Ẹrẹ̀ tí Seine ń wọ́ bọ̀ láti òkè ń sùn sí ẹnu odò lójoojúmọ́, ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí yóò mọ̀. Ó dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò dé ibẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ fi ilé ọnà Eugène Boudin sí. Ilé ọnà náà kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Afinimọ̀nà tí a san 45 pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún kò mọ̀, ìgbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn ló tó ń tẹ fóònù. Ó ní Honfleur ni wọ́n bí Monet, gbajúmọ̀ ayàwòrán Faransé, sí. Irọ́ ni o. Boudin, ayàwòrán tí ilé ọnà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ni wọ́n bí síbẹ̀, ní 1824, òun ló sì fa Monet jáde láti máa ya àwòrán níta gbangba. Mo kà á lára bébà kan nínú òtẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tí a dé ẹ̀bá Lieutenance, ilé àtijọ́ kan lẹ́nu èbúté, afinimọ̀nà náà ń ròyìn Champlain, atukọ̀ Faransé, bó ṣe ṣíkọ̀ láti èbúté yẹn ní 1608 lọ tẹ Québec dó ní Kánádà. Màmá mi bi í pé, "Àwọn ọkọ̀ tó wá sọ́dọ̀ tiwa ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ. Ọkọ̀ ń ti Honfleur lọ kó ẹrú létíkun Áfíríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, kì í ṣe àṣírí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ Yorùbá lọ síbẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ ní ìdáhùn kan lẹ́nu.

Ohun tó dùn mọ́ màmá mi nínú jù ni ṣọ́ọ̀ṣì Sainte-Catherine, kò sì sí nínú ètò yín rárá. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, lẹ́yìn Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún tí Faransé bá Gẹ̀ẹ́sì jà, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ló kọ́ ọ. Ilé agogo rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ ní òdìkejì ojúde. Màmá mi gbójú sókè wo àjà, ó pàtẹ́wọ́: "Ọkọ̀ méjì ni wọ́n dojú wọn dé!"

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ san 82 yúrò tàkísì padà, 180 pọ́n-ùn tí ẹ gbà lórí òkun tí kò sí, àti 90 pọ́n-ùn afinimọ̀nà. Kí ẹ sì yọ igi àgbọn yẹn kúrò nínú ìpolówó yín. Bí n kò bá gbúròó yín kí ọjọ́ 30 oṣù yìí tó pé, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré ni n óò gbé e lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ lórí WhatsApp wà lọ́wọ́ mi.

Màmá mi ní òun á tún padà lọ. Ó ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì Le Havre fúnra mi, ká sì dé lọ́sàn-án kí bọ́ọ̀sì tó tán.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, yàrá ẹni méjì, àjà kẹrin