Ẹ má fi iye iná nìkan díwọ̀n pọ́límà sólà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí sólà tí wọ́n fi pọ́límà ṣe (èròjà bí ike, tí mólékùlù rẹ̀ gùn bí okùn), inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ iye kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé yín gbájú mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: pé irú sólà yìí ti ń sọ ohun tó lé ní ìdá 19 nínú 100 agbára ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ sólà kan, tí wọ́n fi ń rí irú iye bẹ́ẹ̀ kì í sábà tóbi ju èékánná lọ, pọ́límà inú rẹ̀ kì í sì í rọrùn láti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi P3HT ṣe àpẹẹrẹ, àgbà nínú àwọn pọ́límà sólà, tí èmi náà ti fi ọwọ́ ara mi dà sórí gíláàsì rí. Bí a bá yọ́ ọ sínú omi kẹ́míkà tán, àwọ̀ ọsàn ló máa ń ní. Bí a bá dà á sórí gíláàsì, tí a fi ẹ̀rọ yí gíláàsì náà bìrìbìrì kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, tí omi tí a fi yọ́ ọ sì gbẹ, yóò di pupa tó ṣókùnkùn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ àlùkò. A kò fi nǹkan kan kún un o. Àwọn okùn pọ́límà tó lọ́ pọ̀ bí òwú ló nà, tí wọ́n tò lé ara wọn, ibẹ̀ ni iná sì ti ń rí ọ̀nà gbà. Àwọn ẹ̀ka tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ okùn náà kì í gbé iná rárá, síbẹ̀ àwọn ni ẹjọ́ wọn pọ̀ jù: bí wọ́n bá kúrú jù, pọ́límà náà kò ní yọ́, bí wọ́n bá gùn jù, àwọn okùn kò ní lè sún mọ́ra.

Àléébù P3HT ni pé ìmọ́lẹ̀ pupa tí gígùn ìgbì rẹ̀ ju bíi nánómítà 650 lọ (nánómítà ni ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀) ń kọjá lára rẹ̀ lásán. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń to ẹ̀yà tó ń fi ẹ́lẹ́ktírọ́ọ̀nù (èérún tó ń gbé iná) sílẹ̀ mọ́ ẹ̀yà tó ń fà á mọ́ra sórí okùn kan náà, kí ó lè gba ìmọ́lẹ̀ pupa náà, bó ti rí nínú pọ́límà mìíràn tí wọ́n ń pè ní PM6. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ tí a ó gbé kí a tó rí PM6 pọ̀ ju ti P3HT lọ dáadáa, èròjà sì ń ṣòfò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kódà èyí tí a ṣe lónìí lè má ṣiṣẹ́ bí ti àná, nítorí pé gígùn àwọn okùn náà kò dọ́gba.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún fẹ́ gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí òǹkọ̀wé yín béèrè bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe tóbi tó, iye wákàtí tó lò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kí agbára rẹ̀ tó rẹ̀yìn, àti iye ìgbésẹ̀ tí pọ́límà náà gbà, kí ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye tó fi ṣe àkọlé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín