Lẹ́tà sí Àǹtí mi ní Ṣakí, lórí ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú fóònù

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ti sùn, mo gbé fóònù sétí, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ ní, "Ìlú fóònù tí o lọ yìí, ṣé ìlú ni àbí oko?" Ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi ti Houston ló sọ fún yín pé igi àti ẹ̀fọn nìkan ló wà níbí.

Ẹ̀bi mi ni. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti dé, owó ilé ìwé àti orúnkún yín la máa ń sọ títí dátà á fi tán. N kò jókòó sọ ti ìlú yìí fún yín rí.

Àkọ́kọ́ ná, Mobíìlì ni wọ́n ń pè é, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ fóònù alágbèéká, Mobile, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é bíi ti fóònù, àlejò ni. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Ọlọ́run bùkún ọkàn mi, mà. Mo ṣe àmín. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bú ènìyàn níbí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yẹn, wọ́n ní in o. Ọmọ kékeré á ní "bẹ́ẹ̀ ni, mà", "rárá, sà". Wọn kì í pe àgbà ní orúkọ lásán, wọ́n á fi "Míìsì" ṣáájú, àní kó ti lọ́kọ kó sì ti ní ọmọ-ọmọ. Nígbà tí mo wà ní àríwá, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń pe orúkọ mi gbà-à-gbà bíi pé a jọ jẹun lánàá. Ara mi balẹ̀ níbí.

Ìlú náà kì í ṣe ti àná. Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1702, lára ẹ̀yà kan nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Índíà, tí wọ́n bá níbẹ̀, ni wọ́n sì ti mú orúkọ rẹ̀. Àkúnya omi lé wọn kúrò ní ibùdó àkọ́kọ́, wọ́n ṣí wá sẹ́nu odò ní 1711, ibi tí ìlú wà dòní nìyẹn. Lẹ́yìn Faransé, Gẹ̀ẹ́sì gbà á; lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, Sípéènì; ní 1813, Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ Sípéènì. Ilé kan náà, onílé mẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sì purọ́ lórí igi àti ẹ̀fọn. Lójú títì tí wọ́n ń pè ní Government Street, igi óòkù ti apá ọ̀tún na ọwọ́ sí ti apá òsì, wọ́n pàdé lókè bí àjà ilé. Òjò sì ń bẹ. Mobíìlì wà lára àwọn ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tó bá di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn ń ta gan-an, òjò á ṣú, á rọ̀ bí ẹni ń da omi nù, láàárín ogún ìṣẹ́jú oòrùn á tún yọ sórí omi tí kò tíì gbẹ, ooru á máa rú láti orí ọ̀dà. Ní gbogbo ọ̀sán, ẹkùn ń bímọ.

Èyí tó máa dùn mọ́ yín jù ni ti ẹ̀pà. Ẹ̀pà sísè, Àǹtí mi! Ẹ̀pà tútù tòun tèèpo, nínú omi iyọ̀, bí ẹ ṣe máa ń sè é gẹ́lẹ́. Ọkùnrin kan máa ń gbé ìkòkò ńlá sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́bàá títì, á fi síbí onígi gígùn bù ú sínú àpò. Ní àkọ́kọ́ tí mo rà, mo san owó tán, mo dúró. Ó wò mí, mo wò ó. Mo ní, "Ènì mi ńkọ́?" Ó ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé nílé wa, bí ènìyàn bá rajà, ọlọ́jà á bu díẹ̀ lé e kí oníbàárà lè padà wá. Ojú ọkùnrin náà tàn. Ó ní, "Àáà, lagniappe!" Lányàp ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún ènì! Ìwé ìròyìn kan wà nínú ìlú yìí gan-an tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lagniappe, Ènì nìyẹn. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e fún mi. Láti ọjọ́ náà, n kò rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Wọ́n ní ọdún kan tí wọ́n ń ṣe kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó wọlé, Mardi Gras. Gbogbo ayé mọ ti New Orleans, ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ará Mobíìlì, ìjà ló máa dà. Wọ́n ní 1703 làwọn ti bẹ̀rẹ̀ tàwọn, nígbà tí ó ku ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó tẹ New Orleans dó. Àwọn ẹgbẹ́ awo ló ń ṣe é. Mo ní awo, ẹ má bẹ̀rù. Wọ́n ń bo ojú, wọ́n ń gun ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n ń ju ìlẹ̀kẹ̀ àti bisikíìtì olóbìrìkítí kan tí wọ́n ń pè ní MoonPie sí àwọn èrò. Ẹni tó wà lórí ọkọ̀ lè jẹ́ dókítà tí ẹ rí lánàá. Ẹ mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ mọ bó ṣe ń rìn, ẹ ò gbọdọ̀ sọ. Ta ló nílò àlàyé ìyẹn nínú ẹni tó ti rí egúngún rí? Ẹgbẹ́ tó ń jáde kẹ́yìn ní alẹ́ ọjọ́ ìparí, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1867. Lórí ọkọ̀ wọn, òpó kan tó ṣẹ́ wà láàárín, ẹni tó múra bí Ikú ń sá yí i ká nínú aṣọ tí wọ́n ya egungun sí, Òmùgọ̀ aláṣọ aláràbarà sì ń lé e, ó ń fi àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nà án. Pàì! Pàì! Gbogbo ìlú á máa hó. Ikú kì í dúró jà. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn orogún fún yín. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Joe Cain. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, tí àwọn ológun tó ṣẹ́gun ṣì wà láàárín ìlú, tí kò sẹ́ni tó lọ́kàn àríyá, ó múra bí olórí Índíà, ó jáde sígboro, ó tún ọdún náà jí. Ní 1966 wọ́n hú egungun rẹ̀ níbi tí wọ́n sin ín sí, wọ́n gbé e wá sínú itẹ́ òkú àtijọ́ kan ní àárín ìlú. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú òpin ọdún náà, àwọn obìnrin kan á wọ aṣọ dúdú, wọ́n á fi ìbòjú dúdú bojú, wọ́n á kóra jọ síbi ibojì rẹ̀, wọ́n á máa ké lóhùn rara. Opó Joe Cain ni wọ́n! Gbogbo wọn! Èyí á ní èmi ló fẹ́ràn jù, òmíràn á ní irọ́ ló ń pa, ọ̀dọ̀ èmi ló ń sùn sí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n láyé. Ọjọ́ ti pẹ́ tó kú. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Obìnrin òyìnbó tó dúró tì mí bi mí bóyá irú rẹ̀ wà nílẹ̀ wa. Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe eré.

Ohun kan wà nínú ọdún náà tí kò dùn mọ́ mi. Ọba méjì kì í gbé ààfin, àmọ́ ọba méjì ni Mobíìlì máa ń fi jẹ lọ́dọọdún: ti aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun ti wà láti 1872. Wọn kò gba àwa sí i, ni àwọn èèyàn dúdú bá dá tiwọn sílẹ̀ ní 1938. Ọba méjì, olorì méjì, aṣọ ìgúnwà méjì tí ìrù rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ti ń lọ kí ara wọn báyìí. Méjì náà ni síbẹ̀. N ó padà síbi ọ̀rọ̀ yìí.

Kí n tó gbàgbé, ti ẹja. Lóṣù kẹjọ tó kọjá, aago mẹ́ta òru ti lọ díẹ̀, ìyá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí láti Daphne, lódìkejì omi. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ, "Jubilee!", ó pa fóònù. Mo gbé garawa, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo wa ọkọ̀ lọ. Àǹtí mi, ẹja ti jáde wá sétí omi fúnra wọn. Akàn ń gun òpó igi lórí ara wọn. Àwọn ẹja pẹlẹbẹ kan tí ojú méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sùn nínú omi tí kò kọjá kókósẹ̀, wọ́n tò léra bí àwo. Edé ń fò. Wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ wọ́n, wọn ò lè sá. Àwọn ará àdúgbò wà nínú omi pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn, wọ́n ń ké sí ara wọn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé nígbà ooru, atẹ́gùn tí ẹja ń mí máa ń tán nínú omi ìsàlẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn bá rọra fẹ́, tí omi òkun sì ń kún bọ̀, omi búburú yẹn á máa lé ẹja bọ̀ sétí. Wọ́n sá fún ikú, wọ́n sá bọ́ sínú garawa. Bí ojúmọ́ ṣe mọ́, ó parí, àwọn tó kù padà sínú ibú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ ọbẹ̀ ata oníakàn.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó nìyí.

Ṣé ẹ rántí àdúrà tí ẹ gbà fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ? Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ní ibi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa kò tẹ̀ rí, èmi ni n ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ṣe bí ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Ní ọjọ́ Àìkú méjì sẹ́yìn, mo lọ sí Africatown, lápá òkè ìlú, níbi tí títì ńlá ti la àdúgbò kọjá lọ sórí afárá, tí àwọn ilé iṣẹ́ sì há ilé àwọn èèyàn mọ́. Wọ́n ṣí ilé kékeré kan síbẹ̀ ní 2023 tí wọ́n ń kó ìtàn wọn sí. Olówó kan tó ń jẹ́ Timothy Meaher ló ta tẹ́tẹ́ pé òun á kó ẹrú wọlé láti Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ òfin ti kà á léèwọ̀ láti 1808. Ọkọ̀ ojú omi kan, Clotilda, lọ sí Ouidah ní etíkun Dahomey, ó kó èèyàn bí àádọ́fà, ó wọlé lóru nínú oṣù keje 1860. Wọ́n sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà sí. Ẹrẹ̀ odò pa á mọ́. Ní 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí i.

Ní 1865 tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, ilé ni wọ́n fẹ́ lọ. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nílé ìlagi, àwọn obìnrin ń kiri ẹ̀fọ́ wọ ìlú. Owó ọkọ̀ ò pé. Wọ́n ní kí Meaher fún wọn nílẹ̀ díẹ̀ nínú tirẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n tu owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Meaher kan náà, wọ́n kọ́lé, wọ́n yan olórí, wọ́n yan adájọ́, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ rántí àwọn ọba méjì yẹn? Ní 2007, ìdílé Meaher ni olorì àwọn aláwọ̀ funfun ti wá. Olorì àwọn aláwọ̀ dúdú sì jẹ́ ìran àwọn tí ọkọ̀ náà kó wá.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Kossola. Ọmọ nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ogun Dahomey já wọ ìlú rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Apá Bàǹtè ni wọ́n ní ó ti wá, lódìkejì ẹnubodè tó wà níwájú yín níbẹ̀ yẹn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ mẹ́fà, wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ méjì, ti ilé àti ti ibí. Mo ń ka àwọn orúkọ náà lọ, mo dé orí ọ̀kan, mo dúró. Iyadjemi ni wọ́n kọ. Mo kà á sókè: Ìyàjẹmí. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò mọ ohun tí mo sọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ṣẹ́kù kí bàbá náà tó kú. Òun ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó dàgbà, ó sì kú ní 1935.

Mo lọ síbi ibojì rẹ̀, òkúta funfun gíga kan ló wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ kí i, ẹnu mi kò gbà á, nítorí láìfi àmì sí i ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Mo pè é báyìí, mo pè é bàyẹn, bí ìgbà tí òyìnbó ń pe tèmi.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ìyá ẹlẹ́gùúsí tó máa ń wá láti Ṣábẹ lọ́jọ́ ọjà, tó ń sùn sọ́dọ̀ yín, ṣé ó ṣì ń ní ìbátan ní Bàǹtè? Kó bá mi béèrè bóyá wọ́n ṣì ń sọ ọmọ ní orúkọ Kossola yẹn níbẹ̀, kó sì jẹ́ kí àgbàlagbà kan pè é sínú fóònù, lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí mi. N ó padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Owó orúnkún yín ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má fi ra ẹ̀pà o.

Èmi ni,
ọmọ yín ní Mobíìlì