Ẹ wo wáyà kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì

Olóòtú wa,

Ọ̀kun o, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn Píjò 504 àti Fọ́ọ̀sì Ìjàpá (Volkswagen Beetle) tó ń dípẹtà lágbàlá, láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ni a fẹ́ sọ. Kí ọkọ̀ kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹlòmíì á ra kàbúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) tuntun, ẹlòmíì á pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì, iná ni kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to 504 pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí to Ìjàpá l'Ékòó. Ọkọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú ni wọ́n, mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná ti tó láti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Bátìrì tó sùn mọ́jú yẹ kó ka bíi 12.6 fóòtì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀, kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Tí bátìrì bá dáa àmọ́ tí sítátà ń fà wọ́lọwọ̀lọ, ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ni kí ẹ lọ wò. Ẹ fi ẹnu mítà kan sára irin ẹ́ńjìnnì gan-an, ẹ fi èkejì sí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹnìkan wá sítáàtì ọkọ̀. Bó bá ju ìdajì fóòtì lọ, wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì ti jẹ. Lára Ìjàpá, wáyà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n hun ni, ó so jíà bọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà wa ti ń bá a jà. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí yóò fi máa dán, ẹ dè é padà, ẹ wá fi gírísì bò ó.

Nígbà tí ẹ bá ṣí ìjókòó ẹ̀yìn Ìjàpá láti dé ìdí bátìrì, ẹ fi rọ́bà tíúbù bo orí bátìrì náà. Tí ẹni tó sanra bá jókòó, sípíríǹgì lè kan án, iná á sì ràn mọ́ tìmùtìmù.

Ó kan kọ́ńtáàtì inú dísíríbútọ̀, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé kí iná lè ṣẹ́ ní púlọ́ọ̀gì. Àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.4 mílímítà fún ọkọ̀ méjèèjì. Ìgbà tí kámù, igun ọ̀pá tó ń yí láàárín dísíríbútọ̀, bá gbé e sókè tán ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ẹnu rẹ̀ bá jó, tó yọ góngó lápá kan, kọndẹ́ńsà, agolo kékeré tó ń dáàbò bo ẹnu kọ́ńtáàtì, ni kí ẹ fura sí, torí bí ẹ bá pààrọ̀ kọ́ńtáàtì nìkan, yóò tún jó. Ẹ fi gírísì tó tó orí ìṣáná sójú kámù. Bó bá gbẹ, ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì á máa jẹ, àlàfo á máa dín, iná á máa pẹ́ kó tó ṣẹ́, ọkọ̀ á máa gbóná, kò sì ní lágbára láti gun òkè. Ẹ ṣe àlàfo kí ẹ tó ṣe táímì (ìgbà tí iná ń ṣẹ́), torí àlàfo tí ẹ bá fọwọ́ kàn ti yí táímì padà nìyẹn.

Lẹ́yìn iná ni kàbúrétọ̀ tó kàn. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ihò kékeré tí epo ń gbà, ẹ má fi wáyà gún un láé, ihò á fẹ̀ ni.

Àlàfo fáàfù Ìjàpá (ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ẹ́ńjìnnì) jẹ́ 0.15 mílímítà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá. Èyí tó ń pariwo díẹ̀ kò burú. Èyí tó dákẹ́ torí pé ó fún jù ni kí ẹ bẹ̀rù: kì í pa dé dáadáa mọ́, iná á máa jó etí rẹ̀. Lọ́yẹ́, ẹ ṣí abọ́ ọ́ìlì fílítà afẹ́fẹ́ wò, ẹ ó bá eruku tó ti di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ẹ rọ ọ́ìlì tuntun dójú àmì.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá dúró la tó lè sọ ti àfikún, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wa ọkọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Lójú tiwa, rílé iná iwájú (suíìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá) ló yẹ kó ṣáájú rédíò àti wíìlì aláràbarà. Gílóòbù 60 wáàtì méjì ń fa áńpíà mẹ́wàá gba inú suíìṣì àtijọ́ kọjá, òun ló ń mú kí iná pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ fa wáyà 2.5 mílímítà láti bátìrì, kó gba fíúùsì áńpíà 15 wọ ẹnu tí wọ́n kọ 30 sí lára rílé. Kí 87 lọ sí gílóòbù, kí wáyà iná àtijọ́ wọ 86, kí 85 lọ sí bọ́dì. Rílé kan fún fúlù, ọ̀kan fún dímù. Bátìrì Ìjàpá wà lẹ́yìn, nítorí náà ẹ lo wáyà 4 mílímítà fún un. (Ìjàpá àtijọ́ tó ń lo 6 fóòtì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.)

Ẹni tí kọ́ńtáàtì bá ti sú lè lo ẹ̀rọ iná aláìníkọ́ńtáàtì. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn kọ́ìlì, agolo tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún púlọ́ọ̀gì: ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ bíi óòmù mẹ́ta, èyí tó bá kéré sí i lè jó o. Ẹ má ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì, torí pé ẹ fẹ́ gbọ́ rédíò. Kọ́ńtáàtì àti kọndẹ́ńsà tí ẹ yọ, ẹ dì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù, kí wọ́n máa wà nínú ọkọ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá kú láàárín Kàbà sí Òmùò, kò ṣeé tún ṣe, àwọn tí ẹ dì pa mọ́ yẹn ni ẹ ó dá padà.

Àwa mẹkáníìkì kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí