Lẹ́tà ẹ̀sùn: Owó ilé adìyẹ mi tí bàálù wó ní Ẹ̀pẹ́

Sí Ọ̀gá Àgbà ẹ̀ka tó ń san owó gbà-mábìínú ní ilé iṣẹ́ adójútòfò,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà kẹrin nìyí tí mo ń kọ̀wé sí yín lórí ilé adìyẹ mi ní Pókà. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú fáìlì yín, títí kan fọ́tò apá bàálù náà lórí páànù. Mi ò ní tún un rò mọ́.

Kì í ṣe bàálù yẹn ló ń dùn mí báyìí. Awakọ̀ rẹ̀ rí i pé ojú ọjọ́ ń ṣú, ó yáa fẹ́ balẹ̀ sórí pápá nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò dúró kí ọ̀ràn bá òun lókè. Ẹ̀mí ló ń dù. Ó sì wá kí mi lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin tí mo ń sanwó fún láti ọdún 2019, tí mi ò jẹ ní kọ́bọ̀, ẹ̀yin ni ẹ kò wá.

Ẹ ní ẹ ó rán ẹni tí yóò wo ilé náà, kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun títí yóò fi dé. Mo gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni òkú adìyẹ fi wà nílẹ̀, tí òórùn gba àdúgbò, tí àwọn aládùúgbò wá bá mi jà. Ẹni yín ò dé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi sin wọ́n.

Ẹ tún ní kí n dúró de ìwádìí NSIB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá bàálù. NSIB kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kì í sì í sọ ẹni tí yóò sanwó. Bí irú rẹ̀ kò ṣe ní ṣẹlẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń wá. Bàálù wà nínú ohun tí ìwé àdéhùn yín kà sílẹ̀, pẹ̀lú iná àti àrá. Kí wá ni a ń dúró dè?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọkùnrin tó gbé fóònù yín ní, “Ṣé èèyàn kú níbẹ̀ ni? Adìyẹ lásán lo ń torí ẹ̀ pariwo.” Ẹni ọdún 66 ni mí. Ọmọ tí àbígbẹ̀yìn mi ṣe ẹ̀gbọ́n fún ló ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Adìyẹ lásán yẹn ló ń rán ọmọ-ọmọ mi méjì níléèwé. Owó oúnjẹ tí mo gbà láwìn fún àwọn adìyẹ náà ṣì wà lọ́rùn mi.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Ẹ san owó mi, kí ọmọ yẹn sì pè mí kó tọrọ àforíjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dé ọ̀dọ̀ NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, lọ́yà mi yóò sì pè yín lẹ́jọ́ níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ọlọ́sìn adìyẹ mẹ́ta ni mo mú wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Èmi náà ni màá kó wọn jáde.

Èmi ni oníbàárà yín,
Pókà, Ẹ̀pẹ́.