Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí Ọ̀yà Fi Ń Ṣọ̀wọ́n Nígbà Òjò, Àti Ohun Tó Wà Nínú Ìkòkò Wa Báyìí

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ láti Ìkẹjà àti Lẹ́kí wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, àti ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ń rán ọmọ wá pẹ̀lú kúlà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà rànyìn nílẹ̀, àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún yín ò sì lè máa ṣàlàyé rẹ̀ lórí ìdúró. Ẹ̀ ń béèrè pé kí ló dé tí ọ̀yà ò fi sí nínú ìkòkò wa láti ìgbà tí òjò ti rọlẹ̀, nígbà tí àwọn kan létí títì ń tà á lójoojúmọ́. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé owó ti kún ọwọ́ wa, pé ìyẹn la fi ń ṣe fàájì. Owó wo!

Ọbẹ̀ wa kì í ti inú fíríìsà bẹ̀rẹ̀. Ní ìdájí, èmi tàbí àbúrò mi obìnrin máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà Olúwo. Ohun tí ọdẹ bá gbé ti inú igbó dé àti ohun tí apẹja bá kó jáde nínú ọkọ̀ ni à ń ná. Ibẹ̀ la ti ń mọ ohun tí a máa sè lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì la fi ń kọ orúkọ oúnjẹ sára pátákó ẹnu ọ̀nà, tí a ò fi ọ̀dà kọ ọ́.

Ẹran inú koríko ni ọ̀yà. Àárín eèsún, oko ìrèké àti oko àgbàdo ló fẹ́ràn láti máa gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Bélú títí dé Ẹrẹ́nà, koríko á gbẹ, àwọn àgbẹ̀ á dáná sun oko, ibi tí ọ̀yà lè sá pamọ́ sí á wá dín kù. Ajá ọdẹ ò ní pẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dé, koríko á ga ju ènìyàn lọ, iná orí ọdẹ ò ní lè là á kọjá. Ọdẹ tó ń gbé ọ̀yà méjì mẹ́ta wálé lóṣù Ṣẹrẹ lè wà nínú igbó mọ́jú lóṣù Agẹmọ kó má rí ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Oyún oṣù márùn-ún ni ọ̀yà sì ń ní, ọmọ bíi mẹ́rin ló sábà máa ń bí. Bí a bá ń lé e kiri látọdún dé ọdún láì jẹ́ kó sinmi, ibi tí a ó ti máa rí i á máa jìnnà sí wa ni.

Ẹ wá ń bi wá pé báwo làwọn kan ṣe ń rí tiwọn. Èmi ò ní fi ẹnu mi ba ọjà ẹlòmíràn jẹ́. Àmọ́ gbogbo wa létí omi àti létí igbó la mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń po oògùn apakòkòrò mọ́ àgbàdo tàbí gbágùúdá, tí wọ́n á wá dà á sójú ọ̀nà ẹran. Ẹran á jẹ ẹ́, á kú, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà bí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn kan ń da irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú odò, gàmálìn tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fọ́n láyé àtijọ́, tí àtèwe àtàgbà ẹja á fi léfòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iná ti pa oògùn náà. Sísè kì í mú un kúrò nínú ẹran, ata ò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó sanwó ẹran kankan, a máa ń yí i síwá yí i sẹ́yìn, à ń wá ojú ọgbẹ́. Tó bá jẹ́ ìbọn ló pa á, ihò ọta á wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ti dì yí i ká. Tó bá jẹ́ okùn tàbí tàkúté, ojú ibi tó ti mú un á hàn lọ́rùn tàbí lẹ́sẹ̀. Ẹran tí kò lọ́gbẹ́ rárá, wọn ì báà fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ, kò wọ ilé ìdáná wa. Bákan náà lèyí tí ọdẹ bá sọ pé òun kàn bá lókùú. Ẹ rántí oṣù Òkúdù ọdún 2023, nígbà tí àrùn anthrax, tó ń ti ara ẹran ran ènìyàn, ń jà lápá àríwá Ghana. Ìjọba àpapọ̀ kìlọ̀ fún wa nígbà náà pé ká ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́. Nígbà tó fi máa di Agẹmọ, wọ́n ti rí àrùn náà nínú oko ẹran kan ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹran tó bá dédé kú, ta ló mọ ohun tó pa á?

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ wá látìgbà ìyá mi ò ní gbàgbé ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó. Ogún ènìyàn ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn sì kú, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Láàárín oṣù mélòó kan yẹn, àtẹ àwọn ẹlẹ́ran ìgbẹ́ dá páropáro. Ẹja ni ìyá mi gbára lé. Nígbà tí ọjà padà bọ̀ sípò, ó ní àdán àti ọ̀bọ ò tún gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò òun mọ́ láyé, àwa náà ò sì yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Akíka ni èmi fi kún un. Ní ọdún 2016, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko tó lè tán nílẹ̀, fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta akíka inú igbó kọjá ẹnubodè mọ́, torí pé ó ti ń tán nílẹ̀. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti ní òfin lórí àwọn ẹranko tó fẹ́ pa run láti ọdún 1985. Bàbá kan tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ wa tipẹ́ ṣì ń bínú sí mi lórí akíka yìí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa jẹ obokún.

Obokún ọ̀hún ló kù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ó ń dùn mí bí ẹ ti ń bójú wo inú ìkòkò, tí ẹ ń sọ pé, “Ẹja lásán ni?” Omi méjì ló ń bọ́ Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà Lẹ́kí, tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sí, kì í níyọ̀. Ọ̀sà Èkó ní tirẹ̀ máa ń gba omi òkun sára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà òjò ni omi odò máa ń fọ iyọ̀ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹja tí ẹ ń jẹ lóṣù Èrèlé fi lè yàtọ̀ sí èyí tí ẹ máa bá lóṣù Agẹmọ. Lásìkò tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, obokún, àrọ̀ àti epìyà wà dáadáa, edé odò ńláńlá tí ọwọ́ rẹ̀ gùn ń jáde, ìgbín sì ń rìn kiri nínú igbó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìbọn lé e. Oúnjẹ ọlọ́lá ni gbogbo wọn. Kúta láti inú òkun nìkan ló nira díẹ̀, torí ìgbì máa ń le nígbà òjò, àwọn apẹja tó mọ iṣẹ́ wọn kì í fi ẹ̀mí wewu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń se obokún, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ̀ ń sanwó fún. Bó bá dé ọwọ́ wa, a máa ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń dán, a ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pọ́n, a ó sì fìka tẹ ẹran ara rẹ̀ wò bóyá á padà sípò. A ó fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ kúrò. Ata rodo, alùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti ìyèré díẹ̀ ló máa kọ́kọ́ hó nínú omi, tí òórùn wọn á gba gbogbo ilé. Ìgbà yẹn ni ẹja ń wọlé, ẹ̀fínrín sì ń tẹ̀ lé e nígbà tó bá kù díẹ̀ ká sọ ọ́ kalẹ̀. Láti ìgbà tí ẹja bá ti wọ ìkòkò, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Etí ìkòkò la máa ń dì mú, tí a ó gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́. Ọmọ tó bá fi ṣíbí rò ó, òun ló máa jẹ èyí tó fọ́, ẹ ò ní rí i lórí àwo yín.

Ọjọ́rú àti Sátidé ni ìkọ́kọrẹ́ wa. Ewùrà tí a rin lówó ni, kì í ṣe èyí tí a lọ̀ lẹ́rọ, ẹja gbígbẹ àti edé sì máa ń kún inú rẹ̀. Ìgbín máa ń gba álọ́ọ̀mù, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ kó tó mọ́, a kì í sì í yára gbé e kúrò lórí iná torí pé oníbàárà ń pòṣé. Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ilá, ẹ béèrè ilá alásèpọ̀ tó ní alákàn nínú. Ẹ fi ọwọ́ jẹ ẹ́ o. Èmi ò rí ẹni tó fi fọ́ọ̀kì jẹ alákàn tí inú rẹ̀ dùn.

Nípa ọ̀yà, ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí. Tí ti inú igbó bá dé nígbà òjò, tó sì yege, a ó sè é, ọbẹ̀ egúsí oníyán la ó sì fi ṣe. Tí kò bá dé, a ti bá àwọn tó ń sin ọ̀yà nínú àgò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin ti ń sìn ín báyìí láti àwọn ọdún 1980. Ọ̀yà ilé máa ń sanra ju ti igbó lọ, kì í sì í pẹ́ lórí iná. Ní tèmi, ti igbó dùn jù ú lọ, mi ò ní parọ́ fún yín. A ó kọ ọ́ sára pátákó pé “ọ̀yà ilé” ni, kí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè mọ̀ kó tó jókòó. Ẹtu ní tirẹ̀, a ò ní rà á mọ́ láti oṣù Igbe títí òjò á fi dáwọ́ dúró.

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ lórí owó. Owó àwo ẹran ìgbẹ́ lè yàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, torí bí a bá ṣe ná an là ń tà á. Ọ̀yà tó ti gbó lè lo ju wákàtí méjì lọ lórí iná. Igi la fi ń jó irun rẹ̀, a ò jẹ́ lo táyà, bí táyà tilẹ̀ yá tó sì dínwó. Wọ́n ti ní ká máa fi òkú Èkó pa pọ̀ mọ́ ẹja ọ̀sà kí owó lè wálẹ̀. Ẹja inú yìnyín ò burú, èmi náà ń jẹ ẹ́ nílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wa mọ́tò dé Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn ọmọ kéékèèké gé ẹran ìgbẹ́ sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó fi sẹ́nu. A máa ń gé gbogbo ẹran tó yí ojú ọta ká dànù, a sì ń fìka wá ìyókù, síbẹ̀ ọta ṣakabùlà kéré, ọ̀kan lè sá pamọ́ sínú iṣan. Tí eyín yín bá kan ohun líle tí kì í ṣe egungun, ẹ tu ú sílẹ̀, ẹ pe wá, a ó pààrọ̀ àwo náà.

Ẹni tó bá fẹ́ odidi ìkòkò fún ìnáwó, kó jẹ́ ká gbọ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí a lè bá àwọn ọdẹ àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀ ṣáájú. Kó sì dárúkọ oúnjẹ méjì tó bá fẹ́, kí èkejì lè rọ́pò tí àkọ́kọ́ ò bá sí lọ́jà.

Èyí kan àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun tí wọ́n ń ránṣẹ́ pé ká bá wọn yan ọ̀yà kí wọ́n gbé e dání padà. A ò ní ṣe é. Ìlú Ọba ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ẹran wọlé láti Nàìjíríà, ó gbẹ ni o, ó tutù ni o. Ní Amẹ́ríkà, owó ìtanràn ẹran ìgbẹ́ lè tó 250,000 dọ́là. Ẹja gbígbẹ ni Ìlú Ọba gbà láàyè fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, bí kò bá ti ju 20 kílò lọ. A ó fọ̀ ọ́ nínú, a ó yan án kó gbẹ kanrinkanrin, a ó sì dì í sínú ọ̀rá méjì kí òórùn rẹ̀ má bàa ba aṣọ yín jẹ́. Ẹ má sì wá bẹ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n fi itan ẹtu kan sábẹ́ rẹ̀; mo ti kìlọ̀ fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ọlọ́bẹ̀, Ẹ̀pẹ́