Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́, lórí ibi tí ẹ máa kó sí

Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Oṣù Kejì, 2025.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àbúrò rẹ fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́, mo sì kà á sókè fún ọkọ mi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Pé ìwọ àti bàbá àwọn ọmọ ti fẹnu kò láti kúrò ní Leeds nílùú òyìnbó, kí ẹ padà wálé pátápátá, mo ti ń gbàdúrà fún un láti ọjọ́ yìí. Ẹ kú ìpinnu. Gaàrí Ìjẹ̀bú tí o ní kí n wá, mo ti fi rán àbúrò rẹ.

O ní kí n sọ tọkàntọkàn fún ọ: ṣé Ìkòròdú ni, àbí Àgbádárìgì, àbí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí? O sì béèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò ní sọ iye ilẹ̀ lónìí. Ẹ kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ sọ irú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ máa rí. Ta ni yóò wà nílé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé? Èdè wo ni wọn yóò máa gbọ́ ládùúgbò? Ṣé ẹ fẹ́ máa rí Màámi, ìyá rẹ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, àbí ó di ọdún Kérésì? Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn sí ìyẹn, ẹ ò ní pẹ́ mọ ìlú tó yẹ yín.

Mo rí i pé Ìkòròdú ni ọkàn rẹ fà sí jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o fẹ́ kí iṣẹ́ wà nítòsí. Ọsibítù ìjọba wà níbẹ̀, ti aládàáni náà ò lóǹkà. Póòlì tí a mọ̀ níbẹ̀ nígbà kan ti di yunifásítì láti 2022. Kò sí ohun tí o fẹ́ rà tí o ò ní rí ní ọjà Sábó. Láti 2015 ni ọ̀nà BRT, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, ti wọ Ìkòròdú láti Mile 12, ẹni tó bá sì fẹ́ sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè wọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò, kó lọ sọ̀ ní Fálómò tàbí Márínà. Ó dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín Èkó. Ṣùgbọ́n èrò ti kún ibẹ̀, ilé ti fara kan ilé, àwọn òbí tí mo mọ̀ níbẹ̀ sì ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ á ti sùn kí wọ́n tó wọlé. Àṣàkẹ́, ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń sá fún ní Leeds nìyẹn? O kọ ọ́ pé iṣẹ́ òru ni o máa ń ṣe, bàbá àwọn ọmọ ń ṣe tọ̀sán, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ti ń kí ara yín. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò fẹ́ kí ẹ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí ẹ tún wá bá a nílé.

Ohun kan tún wà, nítorí pé obìnrin ni àwọn ọmọ rẹ méjèèjì. Ìkòròdú kì í fi Orò ṣeré. Tí wọ́n bá ti kéde ọjọ́ náà, obìnrin kì í jáde títí wọn ó fi parí rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú ìlú onílùú, ìṣẹ̀ṣe wọn ni, wọ́n sì máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dàgbà sí ìlú òyìnbó á béèrè ìdí, ó sì yẹ kí ẹ ti ní èsì lẹ́nu kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní ti Àgbádárìgì, ìlú náà wù mí. Òkun ń bẹ, àgbọn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1845, tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣì dúró síbẹ̀. O ní èyí ẹ̀gbọ́n ń kọ́ Faransé. Abúlé Èdè Faransé ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Àjàrà níbẹ̀ láti 1991, ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ò sì jìnnà. Ká ní tìtorí Faransé nìkan ni, ǹ bá ní kí ẹ lọ síbẹ̀. Àmọ́ èdè Ògù ni wọ́n ń sọ jù nílé onílé níbẹ̀, ìwọ sì ní kí àwọn ọmọ gbọ́ Yorùbá kí Màámi tó darúgbó jù. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì tún wà ńbẹ̀. Láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, títí di ìsinsìnyí a ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, Màámi gbọ́dọ̀ la gbogbo Èkó já kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kò bójú mu fún ọjọ́ orí wọn.

Ẹ̀pẹ́ wá ń kọ́? Ibi tí mò ń gbé ni, nítorí náà fi ìyẹn sọ́kàn bí o bá ń ka ọ̀rọ̀ mi. Iṣẹ́ ọkọ mi ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ló gbé wa kúrò ní Ṣùúrùlérè. Nígbà yẹn, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ ń rí bàbá wọn. Ní báyìí ó ń wọlé kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo wa sì jọ ń jẹun alẹ́. Tìtorí ìyẹn nìkan, mo lè fara da púpọ̀ nínú ohun tí Ẹ̀pẹ́ kò ní.

Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti àwọn ọmọ máa ń lọ sí ọjà ẹja Olúwo. Ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìyà, àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú ọpọ́n, edé, alákàn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì. “Ọmọ ta ni ẹ́? O ò kí mi?” Ọmọ á kúnlẹ̀, á dáhùn, wọ́n á fi ẹja kékeré kan kún un fún un. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá nílé ìwé di dandan, èmi náà sì ń kọ́ wọn ní kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n mo rí i lẹ́nu iṣẹ́ mi pé ọmọ tí kò gbọ́ ọ níbòmíràn lè yege nínú ìdánwò, kó má sì lè bá ìyá ìyá rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ọjà ló fi èdè sí àwọn tèmi lẹ́nu. Èyí àbúrò ti ń fa ọ̀rọ̀ bí ọmọ Ìjẹ̀bú, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ.

Ìtàn pọ̀ níbí tí àwọn ọmọ rẹ lè fojú rí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá wá. Àwọn ọmọ àwọn tó bá a wá ni Èkó-Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń fi ọdún Káyókáyó ṣe ìrántí rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ní ọdún tiwọn. Yàrà Erédò ti Súngbọ́, kòtò àti ògiri amọ̀ àtijọ́ tó gùn ju ọgọ́jọ kìlómítà lọ, gba agbègbè wa kọjá. Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì ń gbé inú ilé kan náà, wọ́n ń bá ara wọn ṣọdún. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi bá dàgbà nìyí.

Àmọ́ ẹ jọ rò ó dáadáa, ìwọ àti bàbá àwọn ọmọ: níbí, alájọgbé á bá ọ bá ọmọ wí, á rán an níṣẹ́ láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ. Mo fara mọ́ ọn. Bí ẹ̀yin ò bá fara mọ́ ọn, ẹ máa bá àwọn ará àdúgbò jà lójoojúmọ́, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ báyìí.

Iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí bàbá àwọn ọmọ ń ṣe fún ilé iṣẹ́ wọn ní Leeds ò ní fi bẹ́ẹ̀ nira. Wákàtí kan péré la fi ṣáájú yín nígbà òtútù, aago wa sì máa ń dọ́gba nígbà ooru. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba. Ẹ ya owó sólà àti bátìrì sọ́tọ̀ ṣáájú owó àga. Àìsàn tó bá le, Ìkẹjà la máa ń gbé e lọ. Láti ìgbà tí èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kkí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, tí ilé ìfọpo Dangote náà sì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ńláńlá ti pọ̀ lójú ọ̀nà wa, owó ilẹ̀ sì ń lọ sókè. Ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń yìn yìí lè dín kù kí àwọn ọmọ tó dàgbà.

Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ má tíì ra nǹkan kan. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ “Ẹ̀pẹ́” fún yín lórí fóònù, inú igbó ni òmíràn wà, ìjọba sì ti gba òmíràn. Ẹ háyà ilé ọdún kan ná. Òfin ilé yíyá ti 2011 ò fàyè gba onílé láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Tó bá tó àkókò, ẹ jẹ́ kí sọ́fíyọ̀ bá yín yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí ọmọ onílẹ̀ bá wá fipá béèrè owó ìpìlẹ̀, òfin 2016 wà lẹ́yìn yín.

Oṣù Keje ni kí ẹ wá, nígbà tí òjò ń rọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn máa ń bo àṣírí ojú ọ̀nà. Yàrá wà nílé wa fún gbogbo yín, ilé ìwé á sì wọlé ní oṣù Kẹsàn-án bí ẹ bá fẹ́ dúró. Màámi náà ní àwọn á wá.

Bi bàbá àwọn ọmọ bóyá ilé iṣẹ́ wọn gbà kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n sì gba ìwé rẹ̀ sọ́wọ́. Ọjọ́ tí o bá fèsì ìyẹn ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé.

Bá mi kí wọn, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀ní.