Sí Ọ̀rẹ́ Mi tí Ìdákẹ́jẹ́ Òru Kò Jẹ́ Kí Ó Sùn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á ní àkàtúnkà. O ní bí ilé bá ti pa rọ́rọ́ lóru ni etí rẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó wíì, tí aago ara ògiri, tí o kì í rántí pé ó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, á sì máa ró kẹ́-kẹ́-kẹ́ títí tí oorun yóò fi dá lójú rẹ. O wá ń bi mí bóyá orí rẹ ló fẹ́ dàrú. Rárá o. Èmi náà mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Mo mọ bí ènìyàn ṣe ń dùbúlẹ̀ tí yóò máa retí ìró tó kàn, tí àyà rẹ̀ yóò sì ti já kí ìró náà tó dún.

Ohun tí ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni àyẹ̀wò kan tí àwọn olùwádìí méjì, Heller àti Bergman, tẹ̀ jáde ní ọdún 1953. Wọ́n ní kí 80 ènìyàn tí etí wọn dá ṣáṣá jókòó sínú yàrá tí ariwo ìta kò lè wọ̀, kí wọ́n sì sọ ohunkóhun tí wọ́n bá gbọ́. Ìpín 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn náà ló gbọ́ ìró kan tàbí òmíràn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó ń dún nínú yàrá náà. Bí ìró bá tán níta, ọpọlọ a máa wá a kiri, bí ẹni tí ó ń yí rédíò sókè láti gbọ́ ibùdó tí ó jìnnà, títí tí yóò fi jẹ́ pé híhó rédíò fúnra rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Bí ìbẹ̀rù bá wá kún un, ọpọlọ yóò gbà pé ewu ni ìró náà, yóò sì máa ṣọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn sí ohun tí o ń fi dí etí sùn lálaalẹ́. Ó wúlò fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ aláriwo, ṣùgbọ́n nígbà tí olùwádìí kan tó ń jẹ́ Formby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní ọdún 2003, àwọn tí wọ́n dí etí fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè fara da ariwo tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nígbà tí ara àwọn tí wọ́n fún ní ìró jẹ́jẹ́ túbọ̀ gba ariwo sí i.

Ìró jẹ́jẹ́ ni kí o wá, má wá ìdákẹ́jẹ́. Fáànù kékeré ni èmi ń lò. Mo máa ń kọ ojú rẹ̀ sí ògiri kí atẹ́gùn rẹ̀ má bàa bá mi, nítorí ìró rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Má ṣe jẹ́ kí ó bo híhó etí rẹ mọ́lẹ̀ pátápátá. Kí ó rẹlẹ̀ sí i díẹ̀, kí etí lè máa gbọ́ méjèèjì títí tí híhó náà yóò fi sú u. Jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ di àárọ̀, nítorí bí o bá ta jí láàárín òru tí gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́, ìjà náà yóò tún bẹ̀rẹ̀. Má lo ohun tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀, torí wàá máa tẹ́tí sí i. Aago yẹn ńkọ́? Gbé e kúrò nínú yàrá, jàre! Kì í ṣe dandan kí o bá aago jà. Àmọ́ o, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó lè gba oṣù díẹ̀.

Ní ti mímí ọkọ rẹ tí o ní ó ń mú ọ bínú, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Bá a sọ ọ́ lọ́sàn-án tí ara tu ẹ̀yin méjèèjì, má sọ ọ́ lóru.

Jọ̀wọ́, lọ rí dókítà bí híhó náà bá wà ní etí kan ṣoṣo, tàbí tí ó ń lù kì-kì-kì bí ọkàn rẹ ṣe ń lù. Bí etí kan bá sì ṣàdédé di, tí o kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí o tó lọ.

Kọ̀wé sí mi, kí o sì sọ irú ìró tí ó bá ọ lára mu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.